Ohun Tí Àpèkẹ́ Rí Nílé Ọmọba

"Ta ló ń nà yín nílé?" Ọmọba Adéníkẹ́ bi àwọn obìnrin tó pé jọ síwájú rẹ̀. "Ṣé ọkọ yín ni, àbí ọtí?"

"Ọtí ni o!" ni ọ̀pọ̀ nínú wọn dáhùn.

"Irọ́ ni. Ọwọ́ kì í hù lára ìgò. Ọkọ yín ló ń nà yín, ọtí kàn ń bá a ṣílẹ̀kùn ni. Àwọn méjèèjì la máa bá wí."

Ẹ̀rín sọ, àtẹ́wọ́ sì tẹ̀ lé e. Ọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ pọ́n koko kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ìyá, ẹ lọ bá ọkọ tiyín wí ná!"

Ọmọba wò ó tìfẹ́tìfẹ́. "Ọkọ tèmi ti kú, àbúrò mi. Ọtí ló pa á. Bóo bá fẹ́, màá mú ọ lọ síbi tí a sin ín sí."

Ọkùnrin náà doríkodò. Ó yọ́ kúrò níbẹ̀.

Ọdún 1978 ni, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ní pápá kan láàárín Festac Town. Ìlú náà ṣì tuntun nígbà náà. Àjọ̀dún ńlá tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ ti parí, àwọn àlejò ti padà sí orílẹ̀-èdè wọn, ìjọba sì ti pín ilé fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà ara ògiri kò tíì ṣá. Àwọn igi tí wọ́n gbìn sétí òpópónà kò tíì ga ju èèyàn lọ. Ṣùgbọ́n ilé bíà ti ń hù káàkiri bí olú ọ̀rán, láti ẹ̀yìn àwọn ilé náà títí dé Alákijà.

Àpèkẹ́ Ọláníran, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló dúró sápá ọ̀tún Ọmọba. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti ka ẹ̀jẹ́ ẹgbẹ́ sókè kí àwọn obìnrin máa wí i tẹ̀ lé e. Ohùn rẹ̀ dùn, ó sì já gaara.

"N kò ní mutí. N kò ní ta ọtí. Bí wọ́n bá lu obìnrin kan lójú mi, n kò ní dákẹ́."

Bí gbogbo pápá náà ṣe ń dáhùn, orí Àpèkẹ́ máa ń wú. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn láyé yìí tó Ọmọba, àfi ìyá rẹ̀ nìkan.

Ọ̀rọ̀ náà nídìí. Bàbá Ọmọba jọba ní ìlú kan nílẹ̀ Ìjẹ̀bú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọba fúnra rẹ̀ kàwé nílùú Òyìnbó, agbẹjọ́rò pàtàkì ló sì fẹ́. Bó bá jókòó sílé, àwọn èèyàn á wá máa kúnlẹ̀ kí i ni. Kàkà bẹ́ẹ̀, bàtà kánfáàsì ló máa ń wọ̀, pẹ̀lú iyùn ọrùn rẹ̀, tí yóò máa fẹsẹ̀ rìn láti ilé dé ilé. Ó ti dúró níwájú àwọn ọ̀gá ìjọba, ó bi wọ́n léèrè ìdí tí ọkọ fi lè lé ìyàwó àti ọmọ jáde kúrò nínú ilé tí ìjọba fún ìdílé.

Ó ti wọ ilé àwọn Àpèkẹ́ náà rí. Clement Ọláníran, bàbá Àpèkẹ́, jẹ́ akọ̀wé ní iléeṣẹ́ ìjọba kan, ọtí sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ti mu ún yó, Àyìnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló ń jẹ̀yà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan Ọmọba kanlẹ̀kùn wọn, ó wọlé, ó sì jókòó ti ọkùnrin náà bó ṣe ń hanrun lórí àga. Kò jí i. Nígbà tí Clement lajú, ohun tó kọ́kọ́ rí ni ọmọ ọba tó ń wò ó. Ọmọba pe Àyìnkẹ́, ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ yín lójúmọmọ." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Clement sunkún bí ọmọdé. Láti ọjọ́ náà, ọtí kò kan ẹnu rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Ọmọba mú Àpèkẹ́ mọ́ra. Ó ń yá a ní ìwé, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró sọ̀rọ̀ láwùjọ, ó sì ti ṣèlérí pé bó bá ti yege nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá, òun yóò rán an lọ sílùú Òyìnbó kó lọ kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, Àpèkẹ́ lọ sílé Ọmọba kí wọ́n lè jọ to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ìpàdé ńlá tí ẹgbẹ́ ń gbèrò. Àwọn ìyàwó ọ̀gá ìjọba yóò wá, àwọn oníròyìn náà yóò wá. Ọmọba kò tíì dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Àpèkẹ́ jókòó sí pálọ̀ ìsàlẹ̀, ó ń ka ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Òkè ni Adébánjí, àbúrò Ọmọba, ń gbé pẹ̀lú Beatrice ìyàwó rẹ̀. Adébánjí nìkan ni ọkùnrin tó kù nínú ọmọ bàbá wọn. Láti ìgbà tí ọba tó jẹ lẹ́yìn bàbá wọn ti wàjà, ìdílé wọn ni oyè kàn, àwọn afọbajẹ kò sì ní pẹ́ sọ ẹni tí wọ́n mú. Gbogbo èèyàn ló gbà pé Adébánjí ni. Ọkùnrin arẹwà ni, ọ̀rọ̀ dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. Níwájú èèyàn, omi ọsàn ló máa ń mu.

Àpèkẹ́ gbọ́ ohùn Beatrice lókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu ún mọ́. Àwọn àgbààgbà ń bọ̀ lónìí yìí."

"Ìwọ lo máa kọ́ mi?"

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́ ni mo wí."

Ìgbátí dún. Àpèkẹ́ dìde. Kó tó dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó rí Adébánjí tó di irun Beatrice mú, ìgò wà ní ọwọ́ rẹ̀ kejì. Ó tì í. Beatrice yí gbiri wálẹ̀, ó sì ṣubú lé apá rẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ Àpèkẹ́ gan-an. Òórùn ọtí kún gbogbo ibẹ̀. Adébánjí wo àwọn méjèèjì, ó padà sínú yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Àpèkẹ́, apá mi," ni Beatrice ń wí. "Apá mi ti kán."

Bí Ọmọba ṣe wọlé nìyẹn. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi gbé apá Beatrice kọ́ ọrùn, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó gun òkè lọ. Àpèkẹ́ ronú nínú ara rẹ̀ pé ó parí fún ọkùnrin yẹn lónìí. Yóò rí ohun tí bàbá òun rí.

Ọmọba pẹ́ díẹ̀ lókè. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Àpèkẹ́, ta lo ti sọ fún?"

"Mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan, mà."

"Ó dáa. Ti ilẹ̀kùn ìta yẹn."

Àpèkẹ́ kò mọ ìdí tí wọ́n fi ní kó tì í. Ó lọ ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn iléèwé, Ọmọba ránṣẹ́ pè é. Wọ́n ti di apá Beatrice nílé ìwòsàn, ó ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Fáṣínà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń bọ̀ wá béèrè. Adébánjí ní ó ṣubú ni. Kò sí ẹlòmíì tó wà níbẹ̀ ju Àpèkẹ́ lọ.

"Omi ló dà sórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ̀," ni Ọmọba wí. "Ohun tí wàá sọ nìyẹn."

"Ṣùgbọ́n mà, mo rí—"

"Mo mọ ohun tóo rí." Ọmọba fà á mọ́ra, ó mú un jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀. "Gbọ́ mi, ọmọ mi. Bí àwọn afọbajẹ bá gbọ́ èyí, oyè ti bọ́. Ilé ọba kejì ni yóò gbà á, àwọn yẹn ló sì ń pọn ọtí tà ní ìlú wa. Ṣùgbọ́n bí Adébánjí bá jọba, èmi ni yóò máa fetí sí. A ó ti gbogbo ilé ọtí pa. Wọn kò ní lé opó kankan jáde nílé ọkọ rẹ̀ mọ́. Ro iye obìnrin tí ìyẹn máa gbà là! Nítorí apá ẹnì kan, tó sì máa jinná, ṣé ká wá jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dànù? Èmi fúnra mi ni màá kìlọ̀ fún un. Beatrice á wà lábẹ́ ààbò mi."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí, ṣùgbọ́n inú Àpèkẹ́ kò gbà á.

"Àbí o kò fọkàn tán mi ni?" ni Ọmọba béèrè.

Nígbà tí Àpèkẹ́ délé, ó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Àyìnkẹ́ jókòó sórí àpótí ìdáná. "Ọmọba ló yọ wá nínú kòtò," ló wí. "Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, bóyá mo ti kú. Ohun tó bá ní kóo sọ, sọ ọ́. Má jẹ́ kí wọ́n pè wá ní aláìmoore."

Bẹ́ẹ̀ ni Àpèkẹ́ ṣe dúró níwájú Fáṣínà ní pálọ̀ Ọmọba. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni Fáṣínà, tíṣà ni. Ó bi í pé, "Ọmọ mi, má bẹ̀rù. Kí lo rí?"

Adébánjí jókòó, ó múra dáadáa, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Ọmọba ń wo Àpèkẹ́. Beatrice náà ń wò ó, ìrètí sì wà lójú rẹ̀.

"Omi ló dà sórí àtẹ̀gùn, sà," ni Àpèkẹ́ wí. "Ẹsẹ̀ wọn ló yọ̀."

Beatrice kò jà, kò sì pariwo. Ó kàn rọra sọ pé, "Àpèkẹ́. Ìwọ náà?"

Fáṣínà mí kanlẹ̀. Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó ní, "Kí ló dé tóo fi ń purọ́ mọ́ ọkọ ẹ? Ìwọ tóo máa tó di olorì! Sùúrù ni obìnrin fi ń jókòó nílé ọkọ." Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Adébánjí, ó sì lọ. Ọmọba gbá Àpèkẹ́ lẹ́yìn pẹ́pẹ́, ó ní ó ṣeun. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọwọ́ Ọmọba wúwo lára rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ń ka ẹ̀jẹ́ ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn kì í jáde lẹ́nu rẹ̀ dáadáa mọ́. Ó máa ń fi ọkàn ara rẹ̀ balẹ̀ pé Ọmọba ti kìlọ̀ fún àbúrò rẹ̀, pé Beatrice wà lábẹ́ ààbò.

Ọjọ́ ìpàdé ńlá pé. Gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Àwọn ìyàwó ọ̀gá jókòó níwájú, àwọn oníṣòwò láti Alákijà kún ẹ̀yìn, Alhaja Sìlífátù tó ń ta ṣúgà àti mílíìkì ló sì ṣáájú wọn. Ọmọba gba gbohùngbohùn, ó ní, "Ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe ti ọlọ́lá nìkan. Obìnrin èyíkéyìí tí wọ́n bá lù, kó dìde, kó sọ ọ́. A ó gbọ́ ọ."

"Ṣé ẹ máa gbọ́ tèmi náà, mà?"

Gbogbo orí yí sẹ́yìn. Beatrice ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ti wú débi pé kò ṣe é là. Ètè rẹ̀ ti bẹ́. Ó ń rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín àwọn àga, apá tí wọ́n dì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ìyàwó Ọmọba Adébánjí ni mí. Ọkọ mi tì mí látorí àtẹ̀gùn, wọ́n ní mo ṣubú. Láàárọ̀ yìí ó tún lù mí. Ṣé n óò tún ní mo ṣubú ni?"

Ariwo sọ. Oníròyìn kan dìde pẹ̀lú kámẹ́rà rẹ̀. Ọmọba dúró bí ère. Àpèkẹ́ ń wò ó, ó ń gbàdúrà nínú ọkàn pé kó lọ di Beatrice mú, kó ṣe bó ṣe ṣe nílé wọn lọ́jọ́ yẹn.

Ọmọba gbé gbohùngbohùn sẹ́nu. Ohùn rẹ̀ balẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí púpọ̀," ló wí. "Èmi kò sí nílé lọ́jọ́ tó ṣubú. Ọmọbìnrin yìí ló wà níbẹ̀." Ó na ọwọ́ sí Àpèkẹ́. "Òun ló sọ fún wa pé ẹsẹ̀ ìyàwó yọ̀. Mo gbà á gbọ́ nítorí pé bí ọmọ ni mo ṣe mú un. Bó bá jẹ́ pé ó purọ́ fún mi, ẹ̀dùn ọkàn ló jẹ́. Ẹ mọ irú ilé tó ti wá. A mọ bàbá rẹ̀."

Ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n yọ ilẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ Àpèkẹ́. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wò ó. Ẹnì kan pòṣé. Ẹlòmíì ní, "Ọmọ ọ̀mùtí náà ni." Ó rí ìyá rẹ̀ láàárín èrò, tó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó bojú wo Ọmọba, bóyá á rí àmì kékeré kan pé kì í ṣe ohun tó ní lọ́kàn nìyẹn. Ọmọba ti gbójú kúrò.

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà ọjà yìí gan-an ló fọwọ́ ara rẹ̀ wọ́ orí ọmọ.

Omijé ń dà lójú Àpèkẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbé e lọ síwájú. Kò gba gbohùngbohùn. Ohùn tí Ọmọba kọ́ ọ láti máa lò ló lò.

"Òótọ́ ni pé mo purọ́. Mo dúró níbẹ̀. Mo rí i tí Bọ̀dá Adébánjí di irun Àǹtí Beatrice mú, tí wọ́n sì tì wọ́n látorí àtẹ̀gùn. Ọmọba mọ̀. Àwọn ni wọ́n ní kí n sọ pé omi ló dà sílẹ̀, nítorí oyè." Ó mí. "Ṣùgbọ́n ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́. Wọn kò gbà á yá lọ́wọ́ mi. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

Ó kúnlẹ̀ níwájú Beatrice.

Gbọ̀ngàn dàrú. Àwọn kan ń kígbe pé ọmọ yìí ya aláìmoore, pé ó ń ta ẹni tó wò ó dàgbà. Àwọn ìyàwó ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í kó báàgì wọn. Ọmọba gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde láìwo ẹnì kankan. Alhaja Sìlífátù ló rìn wá síwájú, tó bọ́ ìborùn rẹ̀, tó fi bo èjìká Beatrice. "Ó tó," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká mú un lọ bá dókítà. Ẹ lè wá máa jà lẹ́yìn ìyẹn."

Ohun tó tẹ̀ lé e kò rọrùn fún Àpèkẹ́. Ìwé ìròyìn gbé e. Àwọn afọbajẹ mú ọmọ ilé ọba kejì. Ìrìn àjò ìlú Òyìnbó di àlá. Níléèwé, àwọn ọmọ kan ń pè é ní "Elékèé Ọmọba", àwọn mìíràn ń pè é ní "Ọ̀dàlẹ̀". Beatrice padà sọ́dọ̀ Fáṣínà, tó wá gbé e fúnra rẹ̀, tí ojú sì tì í gidigidi. Beatrice ní òun ti dárí ji Àpèkẹ́, ṣùgbọ́n kò tún bá a ṣeré bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìyẹn dun Àpèkẹ́ ju gbogbo ìyókù lọ.

Nílé, ìyá rẹ̀ ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi. "Èmi ni mo ní kó sọ ọ́. Mo rò pé oore ni mò ń san."

Bàbá rẹ̀, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gbé ṣíbí oúnjẹ sílẹ̀. Àwọn aládùúgbò ti ń retí pé yóò padà sídìí ọtí nígbà tí Ọmọba ti tẹ́. Kò padà. "Nígbà tí mò ń lù ọ́, Àyìnkẹ́," ló wí, "ká ní ẹnì kan sọ fáyé pé ńṣe lo ṣubú ni, ǹ bá ṣì máa lù ọ́ títí dòní. Ọmọba kò bò mí láṣìírí. Ohun tó gbà mí là nìyẹn. Ó wá fi du àbúrò rẹ̀."

Ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, Ọmọba ránṣẹ́ sí Àpèkẹ́. Ó ń kó lọ sí ìlú wọn. Àwọn àpótí wà káàkiri pálọ̀. Ó ti rù, ṣùgbọ́n ó ṣì jókòó bí ọmọ ọba.

"O ba iṣẹ́ mi jẹ́," ló wí. "Gbogbo ohun tí mo fi ọjọ́ ayé mi kọ́."

Àpèkẹ́ kúnlẹ̀ kí i. "Mà, kò bàjẹ́. Àwọn Alhaja Sìlífátù ń ṣèpàdé ní Alákijà ní gbogbo Sátidé. Èrò ń pọ̀ sí i. Èmi ni mo ṣì ń ka ẹ̀jẹ́."

Ọmọba wò ó. Ẹnu rẹ̀ mì, bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Àpèkẹ́ dúró de ọ̀rọ̀ àforíjì. Ká ní ó sọ ọ́, ì bá ti fò mọ́ ọn lọ́rùn. Ọmọba kò sọ ọ́. Ó yíjú sí ẹrù rẹ̀, ó ní, "Máa lọ sílé. Kí ìyá ẹ."

Àpèkẹ́ sunkún jáde nínú ilé yẹn, kò sì tijú. Kì í ṣe nítorí ìlú Òyìnbó. Ẹni tó fẹ́ràn ló sunkún fún, ẹni tó kọ́ ọ ní òtítọ́, tó sì fi í ra irọ́. Ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ ká máa dúpẹ́ oore, ká sì máa bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ṣùgbọ́n oore kò ra ẹnu ẹni, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àgbà tó ga débi pé ká torí rẹ̀ fi ẹni tí ìyà ń jẹ sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní kẹ́ ẹ bo ìyà ẹnì kan mọ́lẹ̀ kí ire lè dé bá ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹ kọ̀ fún un. Ẹni tí wọ́n ń lù lójú yín yẹn ni ẹ kọ́kọ́ jẹ́ ní gbèsè òtítọ́.